Ike Pupa Tí Mo Fà Sún Mọ́ Etíkun

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, nítorí èémí mi ò tó nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì gùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé e mì, kò dà nínú mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n máa sin, wọ́n á sin ohun tó jẹ́ ti MaBhele mọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi dókítà pé ọjọ́ mélòó ló kù fún mi. Ọmọdébìnrin ni, kò ju ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ. Ó ní bí ara bá gbà, màá rí Kérésìmesì. Bí ara bá ṣe bó ṣe ń ṣe yìí, oṣù kan. Bí ó bá sì burú, kí n tètè ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn mi. Ẹ̀rín pa mí. Àfojúsùn mẹ́ta ló fún mi yẹn, ti ọjọ́ rere, ti ọjọ́ lásán àti ti ọjọ́ burúkú, bí èmi náà ṣe máa ń fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ eré ìje wa lọ́dọọdún. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì purọ́ fún mi. Èmi tí mo fi ìṣírò àkókò ṣe iṣẹ́ ṣe ni òpùrọ́.

Ẹ̀yin tuntun nínú ẹgbẹ́, ẹ ò mọ Sakhumzi. Fọ́tò rẹ̀ lẹ máa ń rí lára ògiri, èyí tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí MaBhele bí, màmá tó jókòó sídìí fèrèsé yẹn, òun sì ni ọkọ Nontando tó jókòó tì í. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń de táyà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ẹ má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Láyé ìjọba àwọn òyìnbó, àwọn bàbá wa ní Mdantsane níbí ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan iyanrìn etíkun tí ẹ ń sáré lórí rẹ̀ lónìí. Bàbá Sakhumzi gan-an, ọlọ́pàá ló lé e kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tútù nídìí. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó dé etí omi, ibo ló ti máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́? Nígbà tí Sakhumzi wá bá mi, ohun tó sọ ò ju báyìí lọ: “Kóòṣì, mi ò fẹ́ borí ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ wọ omi yẹn níṣojú gbogbo wọn, kí n jáde, kí n gun kẹ̀kẹ́ mi, kí n sáré mi, kí n parí. Mo fẹ́ lọ sọ fún bàbá mi níbi tí wọ́n sin ín sí.” Kò béèrè ju kó ṣáà parí lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí èmi gbàgbé rẹ̀.

Ẹ mọ bí mo ṣe ń kọ́ yín. Mo máa ń ní, ẹni tó bá fẹ́ mọ àkókò tí òun máa fi parí eré onímẹ́ta yìí, kó má bi ọkàn rẹ̀, kó bi ara rẹ̀. Kó mú àkókò tó fi lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kì í ṣe ti inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan, kó fi díẹ̀ lé e nítorí ìgbì àti nítorí àwọn tó máa fẹsẹ̀ gbá a lójú. Kó mú ti kẹ̀kẹ́, kó rántí òkè, kó rántí afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun bọ̀. Kó mú ti ẹsẹ̀, kó rántí pé ẹsẹ̀ tó ti gun kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tó jí láàárọ̀. Kó má gbàgbé ìgbà tó máa fi bọ́ aṣọ rọ́bà tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́, tó máa fi wá bàtà kan tì. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, ẹ sì kọ́ ọ sórí bí àdúrà. Ẹ má jù ú nù lẹ́yìn òní. Ẹ̀kọ́ náà dára, ẹnu tó jáde ni kò dára.

Ọdún àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa lọ sí eré ńlá ti East London, ọkọ̀ onígbàlà kó àwọn èèyàn mi kúrò nínú omi bí ẹja. Àsìkò tí wọ́n dá fún omi ti kọjá lórí wọn, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé ìdí kẹ̀kẹ́ wọn. Rudi, kóòṣì ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó, ọkùnrin tó máa ń fi ẹ̀rín bú èèyàn, wá gbá mi léjìká. Ó ní, “Mncedisi ọ̀rẹ́ mi, ṣé eré ìje làwọn tìẹ wá ṣe ni, àbí ọkọ̀ ni wọ́n wá wọ̀? Lọ́dún tó ń bọ̀ ká kúkú já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn.” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò létí mi. Nígbà tí a padà délé, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹni kan ní orúnkún ń dun òun, ẹlòmíì ní ìyàwó òun bímọ, ẹlòmíì ò tilẹ̀ ní àwáwí, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn bó bá rí mi ní títì.

Ní Gonubie, níbi tí a ti máa ń lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ike pupa kan wà tó ń léfòó, tí a so mọ́ òkúta nísàlẹ̀ omi. Bí èèyàn bá ti etíkun lọ yí ike yẹn ká, tó padà, tó tún lọ, tó tún padà, ó ti lúwẹ̀ẹ́ tó iye tí eré ńlá ń béèrè. Èmi àti Bonakele la fi okùn wọn ọ̀nà náà nígbà tí a kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bonakele ló wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, tí kò lè gbé ojú sókè. Apẹja ni, òun ló máa ń wa ọkọ̀ kékeré tẹ̀ lé wa nítorí ewu. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé kó fa ike náà sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀. Ó wò mí. “Kóòṣì, kí ni ike ṣe?” Mo ní ìgbì ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi tó wà. Ó ní, “Ìgbì kì í yọ ike lẹ́nu. Ẹni tí nǹkan ń yọ lẹ́nu, orí ilẹ̀ ló wà.” Ó fà á ṣá. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ pé kò lè kọ̀ fún mi. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ló fi ṣe é, èmi ni mo fi orí ṣe é.

Ojú èèyàn ò lè wọn òkun, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà ti kúrú. Àwọn aago tó ń sọ iye ọ̀nà tí èèyàn rìn, kò sí ẹni tó ní irú ẹ̀ nínú wa nígbà yẹn; aago ọwọ́ mi ni gbogbo wọn gbà gbọ́. Sátidé yẹn, wọ́n jáde nínú omi, mo sì pe àkókò wọn síta. Ẹ bá rí ayọ̀. Àwọn tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ wá di ẹni tó ń fò. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní Kóòṣì, ẹ̀kọ́ yín ti ń wọlé. A sun ẹran lọ́jọ́ náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn tó ti sá padà wá, wọ́n mú àbúrò wọn dání. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí ayọ̀ yẹn fẹ́ máa tán, mo ní kí Bonakele tún fa ike náà wọlé díẹ̀ sí i. Mo tún ní kó fà á. Inú èmi pàápàá ń dùn, bí ẹni pé mi ò mọ ibi tí ike wà. Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú rẹ̀.

Sakhumzi nìkan ni ara rẹ̀ ò gbà á. Ọmọ tó máa ń ronú ni. Ó wá bá mi nílé yìí, ó jókòó síbi tí Nontando jókòó sí yẹn, mo gbé àgbàdo gígún àti ẹ̀wà síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. “Kóòṣì, mo lọ sí adágún ìlú, mo ka ìlọ àti àbọ̀ títí ó fi pé. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nínú òkun, ẹ ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń ṣe é. Báwo ni òkun ṣe wá rọrùn ju adágún lọ?” Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ó yẹ kí n wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo fọwọ́ gbá itan, mo ní, “Iyọ̀ ni, ọmọ mi. Iyọ̀ máa ń gbé èèyàn léfòó. Aṣọ rọ́bà náà sì ń gbé e.” Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ bí ọmọńdinrín ìka ni, kò tó ohun tí mo gbé lé e lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àwo oúnjẹ mọ́ra. “A jẹ́ pé iyọ̀ ni mo máa máa jẹ láti òní lọ, Kóòṣì.” Ó jẹun náà tán.

Ẹ mọ àṣà eré yẹn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọlé, wọ́n á ní kó sọ iye ìṣẹ́jú tó máa fi kúrò nínú omi, ibi tó bá sọ ni wọ́n máa tò ó sí. Àwọn tó yára máa ń wà níwájú, àwọn tó ń lọ pẹ̀lẹ́ á wà lẹ́yìn, kí ẹnì kan má baà gun ẹnì kan lórí. Sakhumzi fẹ́ sọ wákàtí kan. Ó ní, “Kóòṣì, àwọn bàbá arúgbó ló wà lẹ́yìn, wọn kì í ti ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ jẹ́jẹ́.” Mo ní, “Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Kí Rudi rí ẹ láàárín àwọn arúgbó, kó tún sọ pé a wá já tíkẹ́ẹ̀tì?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ kọ́, Kóòṣì.” Ogójì ìṣẹ́jú ló sọ. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ ṣáà parí, èmi ni mo gba àfojúsùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fi tèmi sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, òkun sì ń ru. Olórí eré mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òkun ò rọ̀ lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ pé àkókò tí òun sọ ju agbára òun lọ, kó padà sẹ́yìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo rí i tí àwọn kan ń padà, àwọn òyìnbó tó ti ń ṣe eré yìí láti kékeré. Sakhumzi jáde láàárín àwọn tó yára, ó wá bá mi nídìí okùn tí wọ́n fi pààlà fún àwa òǹwòran. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. “Kóòṣì, ẹ dá mi lóhùn bí ọmọ tí ẹ bí. Ogójì yẹn, ṣé ó dájú?” Rudi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fetí sílẹ̀. Ẹ wo ohun tó ti ọmọ èèyàn lọ sọ́run. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọ̀tá. Nítorí kí ọkùnrin kan má baà fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, “Ó dájú. Padà sáyè rẹ.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Kóòṣì,” ó sì padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Bonakele ló rí i, nítorí ó wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ṣọ́ omi lọ́jọ́ náà. Ó ní Sakhumzi bá àwọn tó wà níwájú jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa omi kó má baà já lẹ́yìn wọn, nítorí ó gbà gbọ́ pé ẹgbẹ́ wọn lòun. Kò pẹ́ tí apá rẹ̀ fi kú. Àwọn tó tún yára ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn ò retí pé ẹnikẹ́ni máa dúró níbẹ̀, wọ́n gùn ún kọjá. Bonakele rí i tó gbé ọwọ́ sókè. Ó jà. Ó mu omi, ó tún yọrí, ó pariwo. Ó pe orúkọ kan, màá sọ orúkọ náà kí n tó dákẹ́. Bonakele wa ọkọ̀ débẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó tó ń ṣẹ̀jẹ̀, fìlà aláwọ̀ ewé nìkan ló bá. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, òkun ò dá a padà.

Ẹ ṣì ní sùúrù, n ò tíì dé ibi tó burú jù. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ apẹja wà lórí omi tí wọ́n ń wá òkú, èmi àti Bonakele wà ní Gonubie, à ń wa ọkọ̀ lọ sí ìdí ike pupa. Àwọn obìnrin tó dúró létíkun ń súre fún wa, wọ́n ní Kóòṣì ò sùn, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ike là ń fà padà sí àyè rẹ̀. Bonakele ń sunkún, ó ń wa ọkọ̀. Ó ní, “Kóòṣì, bí màmá rẹ̀ bá bi mí, màá sọ.” Mo ní kó fi màmá sílẹ̀ fún mi. Ọkàn mi ti di òkúta nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó rọ̀.

Mo dé ilé MaBhele. Ilé kún. Àwọn tí wọ́n bí sí ìgboro lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa mọ̀ pé àwọn Ará Odò máa ń pe èèyàn sísàlẹ̀ omi. Wọ́n á kọ́ ọ ní ìwòsàn, lọ́jọ́ kan á jáde wá pẹ̀lú ẹfun lójú, á di oníṣègùn. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ará ilé ẹni náà ò gbọdọ̀ sunkún. Ilé tó bá sunkún ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn rẹ̀. MaBhele jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí, ẹnu rẹ̀ ti là láti ké. Bàbá àgbà kan nínú ìdílé bi mí pé, “Kóòṣì, báwo ló ṣe lọ? Ṣé ó jà, àbí ó lọ jẹ́jẹ́?” Mo rí ọ̀nà àbáyọ. Bí mo bá ní ó jà, ẹnì kan máa béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ń fi ogójì ìṣẹ́jú lúwẹ̀ẹ́ fi kú sínú omi, wọ́n á sì wá ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ike. Bí wọ́n bá pè é ni, ta ló máa béèrè lọ́wọ́ àwọn Ará Odò? Mo ní, “Jẹ́jẹ́ ló lọ, bàbá. Kò jà rárá. Bí ẹni pé ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú.” Bàbá yẹn gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó ní, “Kí ẹnikẹ́ni má sunkún nínú ilé yìí.” MaBhele pa ẹnu dé. Mo rí i bó ṣe pa á dé, mo rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe gbé ẹkún náà mì. Láti ọjọ́ náà, kò tíì là á fún ẹkún.

Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ òkú ọmọ di ọmọ tó nù. Wọn ò jẹ́ kí Nontando wọ aṣọ opó, nítorí ọkọ rẹ̀ ò kú. Kì í ṣe aya, kì í ṣe opó, ọkùnrin ò lè bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ewú ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Lọ́dọọdún ni MaBhele ń pọn ọtí ọkà bàbà, wọ́n á gbé e lọ sétí òkun, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin, ojú gbogbo wọn á gbẹ. Èmi náà máa ń bá wọn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó pé ọdún kan, MaBhele fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létíkun. Ó ní, “Mncedisi, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àkókò. Ìgbà wo lo rò pé ó máa jáde?”

Ẹ gbọ́ o. Ó ní kí n bá òun ṣírò àkókò ọmọ òun. Mo lè jẹ́wọ́ níbẹ̀. Àwa méjì péré ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí Rudi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo ojú òkun bí ẹni tó ń ronú. Mo ní, “Àwọn kan máa ń lo ọdún méje, màmá.” Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ó ṣe ń ka ọdún nìyẹn. Nígbà tí ọdún keje pé, ó fọ gbogbo aṣọ Sakhumzi, ó ra aṣọ ìbora funfun tuntun, ó jókòó sétí òkun láti ìgbà tí oòrùn yọ títí tó fi wọ̀, aṣọ ìbora lórí itan rẹ̀. Kò sí ohun tó jáde àfi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá sí ilé yìí, iyanrìn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Mncedisi, ṣé ìṣírò rẹ yẹ̀ ni?” Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kó fi ọdún méjì lé e. Mo ní a máa ń fi díẹ̀ lé e nítorí ìgbì. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni mo fi so ìyá náà mọ́lẹ̀. Ọdún méjì yẹn pé lóṣù yìí. Mo gbọ́ pé ó ti rẹ ọkà bàbà sómi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú lọ ò pọ̀. Ẹni tó bá ń sọ àkókò tó dùn létí yín, ẹ lọ wọn ọ̀nà fúnra yín. Bí ara yín bá sọ wákàtí kan, ẹ sọ wákàtí kan, kí ẹ dúró láàárín àwọn arúgbó, kí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ẹnu á fi bó o. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa di kóòṣì lẹ́yìn mi, nígbà tí ọmọ bá wá bá yín nídìí okùn pẹ̀lú ètè gbígbẹ, ẹ má wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ojú ọmọ ni kí ẹ wò.

MaBhele, mi ò sọ pé àwọn Ará Odò ò sí. Mo ní mo fi orúkọ wọn bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀, àwọn náà á bi mí nígbà tí mo bá débẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣe é lẹ́yìn, bí n ò bá sí níbẹ̀ náà ẹ ṣe é. Ẹ da ọkà bàbà yẹn nù, màmá. Ìṣírò mi tó kẹ́yìn rèé, mi ò fi nǹkan kan lé e: Sakhumzi ò ní jáde. Ó ti parí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò lọ jẹ́jẹ́. Ó jà kó lè padà wálé. Bonakele, gbé ojú sókè, kí o jẹ́rìí mi. Orúkọ tó pè, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Nontando. “Màmá” ló pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bonakele gbọ́ ọ. Ẹni tí àwọn Ará Odò bá mú lọ́wọ́ kì í pe ìyá rẹ̀. Ọmọ tó ń kú ló ń pe ìyá rẹ̀. Ó ti pè yín láti ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo fi ọwọ́ bò yín lẹ́nu. Mo ti gbé ọwọ́ mi kúrò báyìí, MaBhele. Ẹ dá a lóhùn. Ẹ sunkún ọmọ yín.